Oore Tí Igún Ṣe

Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí ìyá mi yóò ti jí mi kí n bá a ru abọ́ lọ sí odò ẹran. Oúnjẹ ni ó ń tà nígbà náà ní Ìbàdàn, ẹni tó bá sì fẹ́ ra ṣàkì àti abọ́dì tó dára ní owó pọ́ọ́kú kò gbọdọ̀ jẹ́ kí oòrùn bá òun lójú ọ̀nà. Bí a bá ti yọ sí odò ẹran, ohun tí ojú mi máa ń kọ́kọ́ bá pàdé kì í ṣe màlúù, kì í sì í ṣe alápatà, igún ni. Wọ́n á ti tò sórí páànù tó ti dípẹtà, wọ́n á fa ọrùn wọ èjìká bí àgbàlagbà tí ọyẹ́ ń mú, wọn ò ní ké, wọn ò ní jà, wọ́n á kàn máa wo ọwọ́ alápatà. Bí wọ́n bá ju ìfun sẹ́yìn ọgbà, ẹyọ kan á bọ́ sílẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì tọ lọ síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n so lókùn, àwọn yòókù á sì tẹ̀ lé e. Mo rántí ojú rẹ̀ dáadáa, nítorí mo máa ń sún mọ́ ọn ju bó ti yẹ lọ. Awọ ojú náà kò ní irun, ó rí bí awọ ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n bí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ bá ti ń já ìfun kan náà gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́, awọ náà á pọ́n bí ojú ẹni tí inú ń bí.

Lọ́jọ́ kan mo mú òkúta, mo fẹ́ sọ ọ́ lu ọ̀kan. Alápatà àgbà kan tí a máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ti rí mi. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, jù ú sílẹ̀! Wọn kò sọ fún ọ nílé ni? A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí." Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ lù. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà yé mi yékéyéké, mo sì gbà gbọ́ fún ọdún púpọ̀ pé kò sí ọmọ Yorùbá kan tí yóò ṣe igún ní jàǹbá.

Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún báyìí. Ní ọdún tó kọjá mo gba ẹ̀gbẹ́ odò ẹran kan kọjá ní òwúrọ̀, mo dúró, mo gbójú sókè fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lékeléke wà níbẹ̀, kannakánná wà níbẹ̀, ajá kò lóǹkà, eṣinṣin sì bo ilẹ̀. Igún kan ṣoṣo kò sí. Àbúrò mi obìnrin, tí ó jẹ́ tíṣà, sọ fún mi pé òun fi àwòrán igún han àwọn ọmọ kíláàsì òun, pé ọ̀kan ní tòlótòló ni, òmíràn sì ní ẹyẹ inú fíìmù ni. Bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ni wọ́n mọ òwe igún, wọ́n ti kọ́ ọ nínú ìwé Yorùbá wọn.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dá tó ń parun láyé, ibi tó jìnnà ni ọkàn wa sábà máa ń lọ. Ní ọdún 2019, IPBES, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀dá abẹ̀mí wò fún àwọn orílẹ̀-èdè, sọ pé ó tó mílíọ̀nù kan irú ẹ̀dá, ẹranko àti igi, tó wà nínú ewu ìparun, wọ́n sì ka ohun márùn-ún tí ọwọ́ ènìyàn ń fà: ilẹ̀ àti òkun tí à ń sọ di nǹkan mìíràn, ẹ̀dá tí à ń pa tàbí tí à ń kó fúnra rẹ̀, ojú ọjọ́ tó ń yí padà, májèlé àti ìdọ̀tí, àti ẹ̀dá àjòjì tí à ń gbé lọ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò lè gba mílíọ̀nù kan. Igún nìkan ni mo lè rò dé ìdí rẹ̀, nítorí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ẹjọ́ ilẹ̀ kan ní kóòtù. Ó pè mí, ó fún mi lówó àti ìwé pélébé kan tí ó kọ nǹkan mẹ́fà sí, ó ní kí n lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn lẹ́kùlẹ́kù lọ́jà. Bí ẹni tó ń ka èyí kò bá mọ̀ wọ́n, àwọn ni ó ń ta ẹ̀yà ẹran gbígbẹ fún aájò: orí ọ̀bọ, ọ̀gà gbígbẹ, ìpẹ́ àkíka, ìyẹ́ oríṣiríṣi ẹyẹ, àti egungun tí n kò lè dárúkọ títí di òní. Mo tètè rí atare, mo rí ọṣẹ dúdú, mo rí ewé àti egbò tó wà nínú ìwé náà. Ó wá ku èyí tó kẹ́yìn, orí igún.

Obìnrin àgbàlagbà kan ni ó ní òun ní in. Ó wo ìwé ọwọ́ mi, ó ní, "Odindi ni wọ́n ní kí o rà ni, àbí orí nìkan?" Mo ní, "Orí ni, mà." Ó fa páálí kan jáde lábẹ́ àtẹ, ó yọ nǹkan kan tí ó fi ìwé ìròyìn wé, ó sì tú u. Ó kéré ju bí mo ti rò lọ. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, àgógó rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì tẹ̀ níwájú bí ìwọ̀ apẹja. Awọ ojú tí mo mọ̀ sí pupa ti dúdú, ó ti lẹ̀ mọ́ egungun, ṣùgbọ́n irun bí òwú ṣì wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Obìnrin náà gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì fẹnu fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀ bí ẹni tó ń fẹ́ èèpo ẹ̀pà.

Mo bi í pé, "Mà, ṣebí wọ́n ní a kì í pa igún?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi kọ́ ni mo pa á o. Títà ni mo ń tà á."

Mo gbé e lọ sílé nínú náílọ̀nù dúdú. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, nítorí kò parọ́. Òun kọ́ ló pa á. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà kọ́ ló pa á. Rírà ni ó rà á, èmi ni ó sì rán. Oníṣègùn tó ka nǹkan mẹ́fà náà fún un kọ́ ló pa á. Ó sọ ohun tó bá iṣẹ́ náà mu ni. Bí a bá sì wá ọdẹ tó mú un wá rí, yóò ní wọ́n bẹ òun ní iṣẹ́ ni. Báyìí ni èèwọ̀ tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ ṣe pín sí ọwọ́ márùn-ún, tí kò sì wúwo lọ́wọ́ ẹnì kankan mọ́. (Ní ti ẹjọ́ náà, fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kóòtù kò rí i dá. Àwọn àgbà ẹbí ló parí rẹ̀ nílé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, wọ́n sì pín ilẹ̀ náà sí méjì.)

Mo ti ro ìdí tí igún fi níye lórí lọ́jà tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé a kórìíra rẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí a ní fún un gan-an ni ó gbé e dé orí àtẹ. Gúnnugún kì í kú léwe, bẹ́ẹ̀ ni à ń wí. Orí rẹ̀ tó pá, a kà á sí àmì ogbó. Ojú rẹ̀ tó ń rí òkú ẹran láti òkè réré, a ní ó lè rí ọ̀la pẹ̀lú. Ẹni tó ń wá ẹ̀mí gígùn, ẹni tó fẹ́ kí ọjà òun tà, ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ tó fẹ́ mọ nọ́ńbà tí yóò jáde, orí ẹyẹ kan náà ni wọ́n ń tọ̀ lọ. Nínú ẹbọ pàápàá, àwọn àgbà ní àìrígún, a kò gbọdọ̀ ṣẹbọ; bí igún bá bà lé ẹbọ tí a gbé sí oríta tó sì jẹ ẹ́, ọkàn ẹlẹ́bọ á balẹ̀ pé ẹbọ ti fín. Ọ̀rọ̀ tó fi ọlá fún un ni ó sọ ọ́ di ọjà. A sọ pé kì í kú léwe, a wá ń pa á léwe kí àwa lè gbó.

Bẹ́ẹ̀ igún kì í ṣe ẹyẹ tó lè bá ọjà sáré. Ẹyin kan ṣoṣo ni ó ń yé lẹ́ẹ̀kan, akọ àti abo á jọ sàba lé e fún bí àádọ́ta ọjọ́, ọmọ náà á sì lo oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ìtẹ́ kí ó tó fò. Ìyá adìẹ tí àṣá gbé méjì nínú ọmọ rẹ̀ ṣì ní mẹ́fà lẹ́yìn. Igún tí ọmọ rẹ̀ bá kú ti pàdánù ọdún náà. Ní ọdún 2015, àjọ IUCN, tó ń kọ ipò tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan wà lágbàáyé sílẹ̀, kó igún tó ń bá wa gbé láàrin ìlú yìí, Necrosyrtes monachus, pẹ̀lú irú igún mẹ́ta mìíràn ní Áfíríkà, sí ìpele tó léwu jù, èyí tí kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ ju kí ẹ̀dá pòórá nínú igbó lọ. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde ní àkókò kan náà kó àkọsílẹ̀ ikú igún tó lé ní 7,000 jọ láti orílẹ̀-èdè 26. Nínú ọgọ́rùn-ún, májèlé ló pa 61, òwò aájò ló pa 29, wáyà iná sì pa 9.

Ní apá ibi tiwa, òwò aájò àti májèlé kì í ṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó igún púpọ̀ kò ní máa fi ìbọn lé e kiri. Oògùn kòkòrò tí a ń tà fún àgbẹ̀ ni yóò dà sí ẹran, yóò gbé e sílẹ̀, yóò sì kúrò níbẹ̀. Igún kì í dá jẹun. Bí ọ̀kan bá bà, àwọn tó ń rà bàbà lókè á rí i, àwọn tó jìnnà sí wọn á rí àwọn náà, kí a tó ṣẹ́jú gbogbo wọn ti dé. Ìwà kí a jọ jẹ yìí ló mú wọn tán. Láàrin ìparí 2019 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2020, wọ́n bá òkú igún tó lé ní 2,000 ní Guinea-Bissau, májèlé ni wọ́n jẹ, àwọn kan lára òkú náà kò sì ní orí mọ́. Ní gúúsù Áfíríkà, ìdí mìíràn ni wọ́n fi ń ṣe é: àwọn tó ń jí erin pa kò fẹ́ kí igún máa rà lókè kí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó má baà mọ ibi tí òkú erin wà, wọ́n a sì da májèlé sí òkú náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, igún 537 ni wọ́n bá tó kú lọ́nà yìí ní Botswana.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń rà á kì í rò. Kò sí ẹni tó lè fi dá wa lójú pé májèlé tó pa igún ti kúrò lára rẹ̀ kí a tó gún un mọ́ atare, kí a tó pò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí a tó ní kí ẹni tó ń wá ẹ̀mí gígùn mu ún.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni igún ń ṣe fún wa gan-an, ọ̀rọ̀ India ni mo máa ń sọ. Nǹkan bí ọdún 1990 sókè, igún tó pọ̀ bí eéṣú níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kú, títí tó fi jẹ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún igún ẹ̀yìn-funfun, kò ku ẹyọ kan mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọdún 2004 ni wọ́n tó mọ ohun tó ń pa wọ́n. Diclofenac ni, oògùn ara ríro kan náà tí a ń rà ní ilé oògùn níbí fún ẹ̀yìn dídùn. Wọ́n ń fún màlúù lò, igún tó bá sì jẹ òkú màlúù náà, kíndìnrín rẹ̀ á dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba fòfin de lílò rẹ̀ fún ẹran ní 2006. Kí ó tó di ìgbà náà, òkú màlúù ti kún ìgbẹ́, ajá ìgboro ti pọ̀ sí i, dìgbòlugi sì ń bá wọn rìn. Àwọn Parsi ní Mumbai, tí ẹ̀sìn wọn ní kí wọ́n gbé òkú sórí ilé gogoro fún igún, gbé òkú wọn dúró, igún kò wá. Ní 2024 àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì ṣírò rẹ̀ pé láàrin 2000 sí 2005, ó tó 500,000 ènìyàn tó kú ní India tí kì bá tí kú bí igún bá wà. Mo tún ìṣirò náà kà lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ẹyẹ tí a ń pè ní ẹlẹ́gbin, omi inú rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn tó ń pa màlúù àti ènìyàn kì í yè é kọjá. Ọ̀pọ̀ ohun tó bá wọ ikùn rẹ̀ ti parí níbẹ̀. Ajá kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Eṣinṣin kò lè ṣe é rárá.

N kò ní sọ pé aájò nìkan ló lé igún lọ ní ilẹ̀ wa. A gé igi àràbà àti ìrókò tí igún ń tẹ́ ìtẹ́ sí. Odò ẹran tuntun tó ní ògiri àti páìpù omi kì í da ìfun sẹ́yìn ọgbà mọ́, èyí sì dára, n kò ní kí a padà sí ti àtijọ́ nítorí ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ebi nìkan kò lè ṣàlàyé bí àtẹ lẹ́kùlẹ́kù ṣe kún fún orí igún ní àsìkò kan náà tí òfuurufú ń ṣófo.

Oore ni igún ṣe tó fi pá lórí, oore ni àkàlà ṣe tó fi yọ gẹ̀gẹ̀. Mo rò pé òwe lásán ni títí mo fi gbọ́ bí àwọn ọmọ òrìṣà ní Kúbà ṣe ń sọ ìtàn náà. Wọ́n ní òjò dáwọ́ dúró, ilẹ̀ gbẹ, ẹyẹ gbogbo gbìyànjú láti fò dé ọ̀dọ̀ Olódùmarè, wọn kò lè dé ibẹ̀. Ọ̀ṣun ni ó lọ ní àwọ̀ ẹyẹ ọ̀kín, oòrùn jó ìyẹ́ rẹ̀ títí ó fi di igún olórí pípá, ṣùgbọ́n ó jíṣẹ́, òjò sì rọ̀. Ibú Kolé ni wọ́n ń pe Ọ̀ṣun yìí, igún sì ni ẹyẹ rẹ̀ títí di òní. Igún tiwọn níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá tiwa ní ti ẹ̀jẹ̀, irú mìíràn ni, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì pọ̀ lójú ọ̀run Kúbà. Mo máa ń rò ó pé àwọn tí a kó lẹ́rú, tí wọn kò rí nǹkan kan mú dání, mú ìtàn igún dání. Àwa tó jókòó sílé pẹ̀lú igún fúnra rẹ̀, orí rẹ̀ ni a mú.

Ó rọrùn láti di ẹ̀bi yìí lé àwọn babaláwo lórí, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kàwé yìí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó rán mi níṣẹ́ yẹn, alàgbà ìjọ ni. Ẹni tó jókòó sí iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú àti ẹni tó wà ní sàfù kìíní ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Ẹtì ń bá ara wọn pàdé lójú àtẹ náà. Ní ti àwọn oníṣègùn gidi, wọ́n mọ̀ ju àwa tó ń bẹ̀ wọ́n wò lọ pé ohun gbogbo ló ní àrọ́pò. Bí ẹbọ bá béèrè ẹran tí kò sí, owó ẹran náà ni a ń fi lélẹ̀, Ifá kò sì bínú. Ọ̀nà yìí náà ni Nigerian Conservation Foundation, àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀dá abẹ̀mí, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ń gbà bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀, pé kí ewé àti egbò gba ipò igún. Òfin wà pẹ̀lú. Láti 1985 ni Nàìjíríà ti ní òfin lórí òwò ẹ̀dá tó ń parun, wọ́n sì tún un ṣe ní 2016. N kò tíì pàdé ẹnì kan lọ́jà tó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ti gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Kí n tó kọ èyí, mo lọ sí ọjà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Obìnrin àgbàlagbà yẹn ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jókòó síbẹ̀, àtẹ náà kò yí padà púpọ̀: ọ̀gà, ìpẹ́ àkíka díẹ̀, awọ ejò tí wọ́n ká bí ìgbànú. Mo kí i, mo bi í bóyá ó ní orí igún.

Ó ní, "Kò sí nílẹ̀ o, bàbá. Ó ti wọ́n. Òkè Ọya la ti ń rí i tẹ́lẹ̀, ìyẹn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, a máa ń dúró de èyí tó bá wọlé láti Nìjẹ̀r. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ẹ lóòótọ́, ẹ san owó sílẹ̀, wọn á bá yín wá a."

Mo ní, "Àwọn wo ni yóò wá a?"

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè ọmọdé ni mo béèrè. Ó ní, "Àwọn tó ń bá wa wá a náà ni."